Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló lọlẹ̀ jù, kì í ṣe ọjọ́ orí

Láàárọ̀ yìí mo kúrò nílé ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, àwọn ìyá oníàkàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Garage ní Òṣogbo, kí aago méje tó lù mo ti wà níwájú géètì iléèwé wa ní Ogo-Olúwa, mo ti gbé kẹ̀kẹ́ mi ti ògiri, mo ti ń fi tówẹ̀lì nu ọrùn, orúnkún mi ò sì sọ nǹkan kan. Ó dákẹ́ wẹ́lo. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí nìyẹn, torí ẹni tó bá rí mi ní bí ọdún kan sẹ́yìn tí mò ń di irin àtẹ̀gùn mú kí n tó lè gun òkè lọ sí kíláàsì, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni pé orúnkún mi dákẹ́.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ara mi fún ẹni tí ò bá mọ̀ mí. Tíṣà ni mí, sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS níléèwé àdáni kan, mo ti lé lógójì ọdún, ọmọ méjì ni mo bí. Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí yìí kì í ṣe Márúwá o, kẹ̀kẹ́ tá à ń fẹsẹ̀ wà ni, kẹ̀kẹ́ ológeere tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko kòkó láyé ijọ́un. Òun ni mò ń gùn lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, àyàfi tí òjò bá ń ya bí ẹni pé wọ́n ṣílẹ̀kùn ọ̀run.

Kì í ṣe eré ìdárayá ló gbé mi dédìí ẹ̀, owó ọkọ̀ ni. Gbogbo wa la rántí May 2023 tí wọ́n ní sọ́bsídì ti lọ, epo tí lítà kan ò tó 200 náírà fò sókè ju 500 lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tó di July ó ti di 617, kí 2024 tó parí ó ti ju ẹgbẹ̀rún náírà lọ. Àwọn oníkòròpé náà ò lè fi owó ara wọn gbé wa. Èmi tí mo máa wọ ọkọ̀ láti Old Garage dé Ọláìyá, tí mo tún máa wọ òmíràn láti Ọláìyá lọ Ogo-Olúwa, nígbà tó yá lílọ àti bíbọ̀ ti di 1,200 lójúmọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà lọ́sẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún lóṣù, owó oṣù wa sì jókòó síbi tó wà. Mo ṣe ìṣirò yẹn sẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ, mo wò ó títí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ni mo bá lọ ra kẹ̀kẹ́. Tòkúnbọ̀ ni, 85,000 náírà, táyà 26, jíà ẹ̀ jẹ́ 18, àwọ̀ búlúù tó ti ń ṣí lára. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní kí n gùn ún kí òun wò ó, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, “Àǹtí, ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ balẹ̀ pátápátá, tí ò bá ti balẹ̀ ẹ máa ṣubú ni o,” ló bá tú nọ́ọ̀tì ìjókòó, ó tì í wọlẹ̀ títí tí kò fi lè wọlẹ̀ mọ́. Mi ò bá a jiyàn. Mi ò tiẹ̀ rò ó pé nǹkan àríyànjiyàn ni, torí bí gbogbo wa ṣe kọ́ kẹ̀kẹ́ ní kékeré náà nìyẹn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ kí ọkàn lè balẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ti ẹni tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ nìyẹn, pé ẹni tó bá fẹ́ rìn jìnnà gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dùn. Ìdí ń ro mí, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, mo ní ara ò tíì mọ́ ọn lára ni. Ọ̀sẹ̀ kejì ni orúnkún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yìn orúnkún o, iwájú ẹ̀ gan-an, níbi egungun roboto yẹn, tí mo bá ti jókòó díẹ̀ ní staff room tí mo fẹ́ dìde, á ta mí fín-ín bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún mi. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Mo bá ti dé Ọláìyá báyìí, ọmọńdinrín mi àti ìka tó tẹ̀ lé e á kú, á wá máa rìn mí bí ẹni pé èèrà wà nínú ẹ̀, tí mo bá dé kíláàsì mi ò ní lè mú ṣọ́ọ̀kì dáadáa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fi àbọ́níkì ra orúnkún títí gbogbo yàrá fi ń run àbọ́níkì. Mo lọ sí kẹ́mísì, wọ́n fún mi ní parasítámọ́ọ̀lù. Màámi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun wò mí bí mo ṣe ń jókòó pẹ̀lú ìnira, wọ́n ní, “Àdùkẹ́, ọjọ́ orí ti ń wọlé dé, ara ogójì ọdún kì í ṣe ara ogún ọdún, gbé kẹ̀kẹ́ yẹn fún àwọn ọmọ ẹ kí wọ́n máa fi ṣeré.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an ni, torí èmi náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀ nínú mi. Mo gbé kẹ̀kẹ́ tì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo padà sínú kòròpé, mo padà sí 1,200.

Bàbá kan ló gbà mí. Apá Sábó ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, ká tiẹ̀ má pè é ní ṣọ́ọ̀bù, páànù mẹ́rin àti bẹ́ǹṣì kan ni, pẹ̀lú Raleigh dúdú àtijọ́ kan tí wọ́n fi okùn so kọ́ sókè, èyí tí bíréèkì ẹ̀ jẹ́ irin gbọọrọ dípò wáyà. Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi lọ pé kí wọ́n bá mi wo pẹ́dà bóyá ó ti le jù, bóyá òun ló ń fa orúnkún. Wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n gùn ún lọ síbi òpó iná yẹn kí n padà wá. Nígbà tí mo padà dé wọ́n ti ń mi orí.

“Ọmọ mi, kí ló dé tó o jókòó sórí àpótí ìdáná tó o wá ń wa kẹ̀kẹ́?”

Mo ní, “Bàbá, mi ò gbọ́ yín yé.”

“Wo bí orúnkún ẹ ṣe ń gòkè wá bá àyà ẹ. Ìwọ gbé ara ẹ sórí àpótí kékeré tí wọ́n fi ń rokà, kó o wá dìde níbẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, ṣé orúnkún ò ní dùn ẹ́?”

Ojú mi là lójú ẹsẹ̀. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí, mo mọ bí orúnkún ṣe ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ mi ò ronú kàn án títí ẹnìkan fi wá fi àpótí ìdáná ṣàpèjúwe. Tí ìjókòó bá lọlẹ̀ jù, orúnkún á ti ká kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ pẹ́dà, ibi tó ká sí yẹn ló ti máa ń fi agbára tì í, gbogbo ìnira á wá lọ síwájú orúnkún. Tó bá ga jù náà, ẹsẹ̀ á máa nà wá pẹ́dà kiri, ìdí á máa yí sọ́tùn-ún yí sósì lórí ìjókòó, ẹ̀yìn orúnkún ni ìyẹn máa ń mú. Ẹni tí iwájú ń dùn kó gbé e sókè, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kó sọ ọ́ kalẹ̀. Bí Bàbá ṣe là á sílẹ̀ fún mi nìyẹn lórí bẹ́ǹṣì, ìyàtọ̀ ńlá sì ni lára mi.

Wọ́n ní kí n fi èjìká ti ògiri, kí n jókòó lórí kẹ̀kẹ́, kí n gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà, kì í ṣe iwájú ẹsẹ̀ o, gìgísẹ̀, kí n wá yí pẹ́dà náà sẹ́yìn títí táá fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Níbẹ̀ yẹn ló yẹ kí ẹsẹ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí yẹ̀ lórí ìjókòó. Tí èèyàn bá wá gbé ẹsẹ̀ padà síbi tó yẹ kó máa fi wa kẹ̀kẹ́, ìyẹn ibi tó fẹ̀ lẹ́yìn àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀, orúnkún á ká díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Bàtà tí èèyàn máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni kó wọ̀ ṣe é o. Èmi, ẹsẹ̀ mi ká bí ìgbà tí mo bá jókòó sórí àga. Bàbá fi ìka wọn wọ̀n ọ́n, wọ́n ní ó ku ìbú ìka mẹ́rin.

Mo ní kí wọ́n gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà kí n máa lọ. Wọ́n kọ̀. Wọ́n béèrè bóyá mo ní ṣọ́ọ̀kì nínú báàgì, mo ní mo ní in, wọ́n gbà á, wọ́n fi fa ìlà funfun sára irin tó gbé ìjókòó dúró, níbi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n fi sípánà 13 tú u, wọ́n fi gírísì díẹ̀ pa irin náà kó má bàa dìpẹtà mọ́ inú ihò ẹ̀, wọ́n wá fa á sókè ní ìka méjì péré, wọ́n dì í. “Lọ gùn ún di ọjọ́ Ẹtì, kó o padà wá.” Mo béèrè ìdí tí a ò fi ṣe é tán. Wọ́n ní ara ti mọ́ ibi tí kò dáa, téèyàn bá já a gbà lójijì á bínú. Wọ́n tún fi ìlà kan hàn mí tí wọ́n ti gbẹ́ sára irin náà láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n ní bó ti wù kí n ga tó, ìlà yẹn ò gbọ́dọ̀ jáde síta, torí tí irin tó ṣẹ́ kù nínú bá ti kúrú jù, ó lè ṣẹ́ tàbí kó fọ́ irin kẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀, ẹni tó wà lórí ẹ̀ ló máa jìyà.

Ìbẹ̀rù tó wá dé bá mi ni ti ẹsẹ̀ tí ò balẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n parí ìka mẹ́rin náà, orí ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀ tí mo bá jókòó, àyà mi ń já. Bàbá ní ta ló ní kí n máa dúró lórí ìjókòó? Téèyàn bá fẹ́ dúró, á tẹ bíréèkì, á sún ìdí kúrò lórí ìjókòó wá síwájú, ẹsẹ̀ kan á wà lórí pẹ́dà, ìkejì á balẹ̀ gbọnin. Tó bá fẹ́ gbéra, á gbé pẹ́dà kan sókè síwájú, á dúró lé e, kẹ̀kẹ́ á máa lọ, ìgbà yẹn ni á tó jókòó. Mo lọ fi gbogbo àárọ̀ Sátidé kan kọ́ eléyìí nínú pápá iléèwé wa, gbéra, dúró, gbéra, dúró, àwọn ọmọ tó wá fún lẹ́sìnnì ń kà á fún mi. Nígbà tí wọ́n fi kà á dé ogójì, ìbẹ̀rù ti tán. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń sọ fún mi pé kẹ̀kẹ́ ga jù fún yín, ohun tó ń dẹ́rù bà yín nìyí, kì í ṣe gíga kẹ̀kẹ́, kò sì ju iṣẹ́ àárọ̀ kan lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orúnkún ti rọlẹ̀. Mo ń gun òkè lọ sí kíláàsì bí èèyàn gidi.

Ọwọ́ ló kù, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi fa apá kan nínú ìyẹn. Nígbà tí ìdí ń ro mí ní ìbẹ̀rẹ̀, mo ti rí i lórí YouTube pé kéèyàn dorí imú ìjókòó kodò kó lè rọrùn níwájú. Mo dorí ẹ̀ kodò gan-an. Ṣùgbọ́n ìjókòó tó bá dagun, ńṣe ni á máa ju èèyàn síwájú, ọwọ́ ni á wá máa fi ti ara ẹ̀ padà láti ilé dé ibi iṣẹ́, gbogbo ìwọ̀n ara á wà lórí àtẹ́lẹwọ́, iṣan tó gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ọmọńdinrín á há, òun ló ń kú yẹn. Mo yá lẹ́fẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ káfíńtà àdúgbò wa, mo gbé e lé orí ìjókòó láti iwájú lọ sẹ́yìn, mo ń yí bóòtì abẹ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ kékeré tó wà nínú omi lẹ́fẹ́ẹ̀lì fi dúró sáàárín. Ẹ rí i dájú pé ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú lẹ ti ṣe é o, èmi ti kọ́kọ́ ṣe é níwájú ilé wa tó dagun, mo ní láti tún un ṣe.

Háńdù náà lọlẹ̀ jù fún mi, ó sì jìnnà. Lára irú kẹ̀kẹ́ tèmi yìí, bóòtì kan wà lórí ọrùn háńdù tí wọ́n ń fi irin onígun mẹ́fà tú. Tí ẹ bá tú u ní ìyípo mẹ́ta, háńdù ò ní mira, ẹ má ṣe rò pé ó ti bàjẹ́, irin kan ló há mọ́ ọn nísàlẹ̀, ẹ gbé pákó lé orí bóòtì náà kí ẹ fi hámà lù ú jẹ́jẹ́, á bọ́ sílẹ̀ kọ̀, háńdù á wá ṣe é fà sókè. Ìlà tó ní kó má jáde wà lára òun náà. Kí ẹ tó dì í padà, ẹ fi orúnkún méjèèjì há táyà iwájú kí ẹ wo háńdù bóyá ó gún régé, kí ẹ sì yí i sọ́tùn-ún sósì wò bóyá wáyà bíréèkì ò fà. Mo gbé tèmi sókè ní ìka méjì, mo sún ìjókòó síwájú díẹ̀, mo wá yí ọwọ́ bíréèkì wálẹ̀ kí ọrùn ọwọ́ mi má máa ká sókè tí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ti ìjókòó síwájú sẹ́yìn yẹn, Bàbá fi okùn tí wọ́n so nọ́ọ̀tì mọ́ nídìí wọ̀n ọ́n fún mi, wọ́n ní kí n gbé pẹ́dà méjèèjì dọ́gba, ọ̀kan níwájú ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n jẹ́ kí okùn ṣubú láti iwájú orúnkún mi, ó sì yẹ kó bọ́ sí àárín pẹ́dà tàbí ẹ̀yìn ẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ara tó kù ló máa sọ ìyókù.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá yí ìjókòó àti háńdù lọ́jọ́ kan náà, tí ara bá rọ̀ yín tàbí tó bá ro yín, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe é. Ìwé kékeré kan wà nínú báàgì mi tí mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sí, bá a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní lábù.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó fúnra ẹ̀, mo ná owó lórí ẹ̀ kí n tó gbọ́n. Mo ti lọ sọ́jà Ìgbọ̀nà lọ ra ìjókòó fífẹ̀ kan tó rọ̀ bí tìmùtìmù, mo ní ìyà ti tán. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ó dùn, ọjọ́ kẹta ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti bó mi nítan méjèèjì, torí bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò ló ń fi ara gbo ó. Fóòmù tó bá rọ̀ jù, egungun ìdí á rì wọ inú ẹ̀, ibi tí kò yẹ kó gbé ìwọ̀n ara ló wá máa gbé e. Egungun méjì tó wà nísàlẹ̀ ìdí ló yẹ kéèyàn fi jókòó lórí kẹ̀kẹ́. Bí mo ṣe wọn tèmi nìyí: mo gé páálí Indomie, mo tẹ́ ẹ sórí àpótí onípákó líle, mo jókòó lé e, mo tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni di háńdù mú, mo fi ọwọ́ méjèèjì fa ara mi mọ́ àpótí náà fún bí ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo dìde mo gbé páálí náà síbi iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ibi méjì ti jìn sínú roboto roboto, bí ẹni fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀bà. Mo fi rúlà wọn láti àárín ọ̀kan dé àárín ìkejì, 11 sẹ̀ǹtímítà àti ààbọ̀. Ìjókòó tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà méjì mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀yìn ni mo wá padà rà, tòkúnbọ̀ náà ni, ó le díẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan ló gbà, ìdí mi gbàgbé pé òun jókòó sórí nǹkan.

Táyà ńkọ́? Èyí dùn mí torí ó rọrùn, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Mo máa ń ní kí fọkanáísà bá mi gééjì táyà, imú táyà mi jọ ti ọkọ̀, ẹ̀rọ wọn sì ń wọ̀ ọ́, wọ́n á fọn ọ́n títí á fi le koránkorán. Gbogbo kòtò tó wà láti Alékúwodò dé Ọláìyá ni eegun ẹ̀yìn mi ń kà. Ọjọ́ kan ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà náà, 40 sí 65 PSI, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó. Mo ra gééjì kékeré kan, mo wọ̀n ọ́n, ó ti ju 70 lọ. Mo dín in kù sí 45 lẹ́yìn, 40 níwájú, kílò 68 ni mí, ẹni tó bá wúwo jù mí lọ á fi díẹ̀ kún un. Ọ̀nà ò yí padà, àmọ́ ó dà bí ẹni pé wọ́n tún ọ̀nà ṣe mọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orúkọ Dunlop, dókítà ẹranko ni ọkùnrin náà, ará Scotland tó ń gbé Belfast. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ ẹ̀ ló ń gbọ̀n jìgìjìgì, ló bá fi rọ́bà tó kún fún afẹ́fẹ́ yí i ká, 1888 ló sì gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀. Kí ara lè tu ọmọ kékeré kan ni wọ́n ṣe fi afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́, àwa wá ń fọn ọ́n títí ó fi ń padà di òkúta.

Báàgì kúrò lẹ́yìn mi, ó ti bọ́ sórí kárià, èèyàn tó bá gbé báàgì ìwé sẹ́yìn lábẹ́ oòrùn Òṣogbo á dé ibi iṣẹ́ bí ẹni tó wẹ̀ láìbọ́ aṣọ. Ṣòkòtò ni mò ń wọ̀ gun kẹ̀kẹ́, síkáàtì mi wà nínú báàgì, omi wà ní bọ́kẹ́ẹ̀tì níléèwé, mo á bọ́jú, mo á nu apá, mo á pààrọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mọ́gáàdì ni mo fi kún un kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, torí omi ẹrẹ̀ tó ń ta síni lẹ́yìn ò mọ̀ pé tíṣà lèèyàn. Tó bá wá di ọyẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì, ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò gbó, pa ṣéènì yín rẹgẹrẹgẹ, iyanrìn ló máa lẹ̀ mọ́ ọn táá sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì tó mọ́ ni kí ẹ kán sí i, kí ẹ yí i, kí ẹ wá fi àkísà nu èyí tó wà lóde kúrò. Ohun kan tún rèé: lọ́jọ́ tí mo fẹ́ pààrọ̀ pẹ́dà òsì, mo ti sípánà títí ọwọ́ fi bó, ó tún ń le sí i ni, àṣé pẹ́dà òsì, ìdàkejì bí wọ́n ṣe ń tú gbogbo nọ́ọ̀tì ni wọ́n ń tú u. Ẹ rántí o.

Ọ̀nà fúnra ẹ̀ gba ìfọkànsí. Oníkòròpé lè dúró gbì níwájú ẹni torí èrò kan ṣoṣo, ìyẹn ni mi ò fi ń sún mọ́ ẹ̀yìn wọn, mo sì máa ń wo táyà iwájú wọn, tó bá ti ń yí sí etí títì mo ti mọ̀. Ní Òkè-Fìà níbi tí àwọn ọ̀nà ti pàdé mi ò kì í yọ́ lọ létí, mo á bọ́ sáàárín ojú ọ̀nà kí wọ́n rí mi, mo á na ọwọ́ síbi tí mò ń lọ. Ọláìyá, mi ò kì í gun orí bíríìjì, abẹ́ ẹ̀ ni mò ń gbà, kò sí ìdí tí mo fi máa bá ọkọ̀ sáré lórí òkè. Iná wà níwájú, iná pupa wà lẹ́yìn, akoto wà lórí. Gbogbo ìrìn yẹn ò tó kìlómítà mẹ́wàá, ogójì ìṣẹ́jú ló ń gbà mí, láwọn ọjọ́ tí gosílóò bá wà ní Ọláìyá mo máa ń ṣáájú àwọn tó wọ kòròpé dé.

Ní August tó kọjá, ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, iléèwé ti gbọludé, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ kí Màámi. Ẹ mọ bí Òṣogbo ṣe ń rí lásìkò yẹn, àwọn àlejò láti òkè òkun, àwọn ọmọ ìlú tó wálé, láti 2005 tí UNESCO ti kọ Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ni èrò ti ń pọ̀ sí i. Ọkọ̀ ò lè mira lágbègbè Ọjà Ọba. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ mi láàárín èrò, níbi tó bá ṣí mo á tún gùn ún. Mo bá Màámi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wo bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ kúnlẹ̀ kí wọn tí mo sì dìde láìdi nǹkan kan mú. Wọn ò sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Wọ́n ní, “Bàbá ẹ náà gun kẹ̀kẹ́ lọ Ìkìrun rí nítorí mi,” wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Báyìí Ìyá Ìbejì tá a jọ ń kọ́ni, tó ń gbé ní Ọ̀tá-Ẹ̀fun, ti ra tiẹ̀. Kẹ̀kẹ́ obìnrin, èyí tí irin àárín ẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, pupa fòò. Àná ló gùn ún wá fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí i látòkè láti ojú fèrèsé kíláàsì, orúnkún ẹ̀ ń gòkè wá bá àyà, gìgísẹ̀ ẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ nígbà tó dúró, inú ẹ̀ ń dùn pé kò ṣubú. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Mi ò pariwo lé e lórí. Mo gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo yọ ṣọ́ọ̀kì kan nínú àpò, mo fa ìlà funfun sára irin ìjókòó ẹ̀. Lọ́la tí í ṣe Sátidé, tí ìmọ́tótó bá ti parí, mò ń gbé sípánà 13 àti páálí Indomie lọ sílé ẹ̀. Ìka méjì péré la máa kọ́kọ́ gbé e sókè.